Ojú-Ìwé Mọ́kànlá

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí mo dé ilé Philippa Garstang,
ilé olókùúta lókè èbúté Whitby,
níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń kan ilẹ̀kùn
bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.
Eérú niṣẹ́ mi. Èédú niṣẹ́ mi.
Kí àkùkọ tó kọ, mo ti dáná sí yàrá mẹ́ta.
Ìwé tí mo fi ń dáná,
inú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀ ni mo ti ń kó o:
ìwé tó kọ, tó tún wá kọ̀.

N kò mọ̀wé nígbà náà.
Lójú mi, ẹsẹ̀ ẹyẹ létí omi ni,
ẹyẹ tó sáré lọ, tó sáré bọ̀, tí kò rí nǹkan jẹ.

Òkun ti gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ọmọbìnrin kan ló kù, Lettice, tó ń wúkọ́ lálaalẹ́.
Lọ́sàn-án, a máa lẹ aṣọ, a máa bá àwọn ìyá ìjọ sọ̀rọ̀ ẹja tó wọ́n.
Lóru, bí ilé bá ti pa lọ́lọ́,
yóò tan àjókù àbẹ́là méjì, kò jẹ́ tan odidi,
yóò gbé ẹ̀wù òtútù olóògbé wọ̀,
yóò sì di ọkùnrin.

Amos Thirlwell lorúkọ ọkùnrin náà.
Òun ni Lọ́ńdọ̀nù mọ̀. Òun ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí:
“Ọ̀gbẹ́ni wa ọ̀wọ́n, apá kìíní ti tẹ̀ wá lọ́wọ́.”
Àlùfáà Stainforth jókòó ní pálọ̀ wa lọ́jọ́ kan,
ó ní ìwé Thirlwell kò jẹ́ kí òun sùn.
“Ọkùnrin nìkan ló lè mọ inú obìnrin tó báyìí.”
Ìyá Lettice bu tíì sí i fún un.

Nínú òtútù ọdún kẹta, yíǹkì dì nínú ìgò.
Mo gbé e há abíyá kí ó lè yọ́.
Bóyá torí ìyẹn ló ṣe kọ́ mi ní A, tó kọ́ mi ní B,
ìka nínú eérú, níwájú ààrò.
Kò pẹ́, ẹsẹ̀ ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.
Kò pẹ́, iná mi bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́ kó tó ràn.

Báyìí ni mo ṣe pàdé Damaris, ọmọ apẹja inú ìwé,
tó kọ ọkọ, tó gba ọkọ̀ bàbá rẹ̀.

Lẹ́tà tún dé. Apá kẹta kò dára.
Ẹ jẹ́ kó lọ́kọ, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kó kú.
Àwọn ayáwèékà kò ní gbà á bẹ́ẹ̀.
Àádọ́ta pọ́n-ùn so mọ́ ọ̀rọ̀ náà.
Dókítà sì ti béèrè owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbọ́ kálàmù mọ́jú, ó ń ha bébà bí eku.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Damaris ti wọlé ọkọ.
Odidi orí kan wà nínú apẹ̀rẹ̀,
orí tó ti ta ìgbòkun, tó kọjú sí ìlà-oòrùn.
“Dáná, Keziah,” ló wí. Kò wo ojú mi.
Epo igi àti àkísà ni mo fi dáná lọ́jọ́ náà.

Ikọ́ Lettice lọ. Ó ti di ìyá àgbà ní Leeds.
Orúkọ Amos wà lẹ́yìn ìwé;
lórí ibojì, “aya ọ̀gákọ̀” ni wọ́n fín, wọn ò fi nǹkan kún un.
Èmi náà ti di arúgbó. Ojú-ìwé mọ́kànlá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.
Mo ti kà á títí, etí rẹ̀ ti ń já.
Ní ojú-ìwé kẹsàn-án, ìlà kejìlá,
kò kọ “Damaris ta ìgbòkun.”
“Mo ta ìgbòkun” ló kọ.
Ó fa ìlà sí i.
Ìlà náà kò nípọn.